Erékùṣù Tí Ebi Kò Sí: Ẹjọ́ Mi Pẹ̀lú Sinimá Àtijọ́ Kan

Ẹ̀yin ará mi olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ka ìwé ọdọọdún yìí, mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ní alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, a fi sinimá àtijọ́ kan han àwọn ọmọ wa nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Orúkọ rẹ̀ ni We're Not Dressing. Ilé-iṣẹ́ Paramount ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní ọdún 1934, Norman Taurog ni ó sì darí rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tan iná tí a sì ń kó àga, mo rí i pé inú mi kò dùn. Ńṣe ni ó dàbí ìgbà tí a pe ènìyàn sí àsè, tí a gbé àwo ńlá kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ó ṣí ìdérí, tí kò sì bá ohun kan níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀rẹ́ ti ń bi mí pé kí ni mo rí tí mo fi ń ráhùn. Ìdáhùn mi nìyí.

Ìtàn náà kò gùn. Ọmọbìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Doris Worthington, ipa tí Carole Lombard kó, ń gbafẹ́ kiri lórí Òkun Pàsífíìkì nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ó mú ìbátan rẹ̀ àgbà kan dání, ọ̀mùtí ni. Ó mú ọ̀rẹ́ obìnrin kan. Ó sì mú àwọn ọmọ aládé méjì tí ń du owó rẹ̀ ju bí wọ́n ti ń du òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó tún ní béárì kan tí a ń sìn nínú ọkọ̀ náà bí ẹni ń sin ajá. Ẹni tí a fi béárì yìí lé lọ́wọ́ ni Stephen Jones, atukọ̀ tí ń kọrin bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bing Crosby ni. Ọ̀mùtí gba ìdarí ọkọ̀, ọkọ̀ rì, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan tí wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni kò gbé. Nínú gbogbo wọn, atukọ̀ yìí nìkan ni ó mọ bí a ti ń dá iná àti bí a ti ń wá oúnjẹ. Ibi tí orúkọ sinimá náà ti wá gan-an nìyẹn: láàárín àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ àwọn òyìnbó, "mímúra" ni kí ènìyàn wọ aṣọ pàtàkì kí ó tó jókòó jẹun alẹ́, ní erékùṣù, ta ni yóò múra fún oúnjẹ tí kò tíì sí?

Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí i pé ìbẹ̀rẹ̀ rere ni èyí. Bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ burúkú ni, èmi ìbá ti sùn lórí àga mi, ọ̀rọ̀ ìbá sì tán. Ẹni tí kò ṣèlérí kò jẹ gbèsè.

Irú ìtàn yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1719 ni Daniel Defoe tẹ ìwé Robinson Crusoe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí púpọ̀ nínú wa kà ní kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á, ǹjẹ́ ẹ rántí ibi tí ọkùnrin náà ń lọ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fi rì? Láti Brazil ni ó ti ṣíkọ̀, etí òkun Guinea ni ó ń bọ̀, ẹrú ni ó sì ń bọ̀ wá rà. Ìhà tiwa níbí ni ó dorí kọ. Nígbà tí ó sì pẹ́ tí ó rí ẹnìkejì ní erékùṣù rẹ̀, tí ó sọ ọ́ ní Friday, lára ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ́ ọ ni "Ọ̀gá", ó sì jẹ́ kí ó yé e pé orúkọ tí yóò máa pe òun nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìtàn erékùṣù kì í ṣe ìtàn àgbọn àti yanrìn lásán. Ìbéèrè kan ni ó wà nínú rẹ̀: nígbà tí kò bá sí ọba, tí kò sí owó, tí kò sí ọlọ́pàá, ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá, ta ni yóò sìn, kí sì ni ìdí rẹ̀? Defoe dáhùn lọ́nà tirẹ̀. Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sá fún ìbéèrè.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1902, ọmọ ahunṣọ kan láti ilẹ̀ Scotland, J. M. Barrie, ẹni tí ó kọ Peter Pan lẹ́yìn náà, gbé eré kan jáde ní ilé ìṣeré Duke of York's ní Lọ́ńdọ̀nù. The Admirable Crichton ni orúkọ rẹ̀, láti ara rẹ̀ ni a sì ti fa sinimá tí mo ń bá ṣẹjọ́ yìí yọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun nìkan ni wọ́n mú, wọ́n fi ẹran sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ eré náà fún yín, nítorí pé kò sí bí ẹ ó ti mọ ohun tí a pàdánù bí ẹ kò bá mọ ohun tí a ní tẹ́lẹ̀.

Lord Loam, ìjòyè ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ràn láti máa sọ pé dọ́gbadọ́gba ni gbogbo ènìyàn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó máa ń pe àwọn ìránṣẹ́ ilé rẹ̀ wá sí pálọ̀, kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ gbé tíì fún wọn, kí wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ara àwọn ọmọ kọ̀ ọ́, ara àwọn ìránṣẹ́ pàápàá kò balẹ̀. Ẹni tí ó sì kórìíra rẹ̀ jùlọ ni Crichton, olórí àwọn ìránṣẹ́, nítorí ó gbàgbọ́ pé olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀. Ọkọ̀ wọn rì. Wọ́n dé erékùṣù. Crichton ni ó ń dáná, òun ni ó ń kọ́ ahéré. Àwọn ọlọ́lá náà kò fẹ́ gbọ́ pé ìránṣẹ́ ń pàṣẹ. Wọ́n bínú, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ wá ibòmíràn. Crichton kò bá wọn jà. Ó jókòó ti ìkòkò rẹ̀, ó ń ro ó. Òórùn ọbẹ̀ tan kálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ́ padà wá, láìsọ̀rọ̀, títí gbogbo wọn fi yí iná náà ká.

Mo ti ka eré púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí a gbé sọ ọ̀rọ̀ ìjọba lọ́nà tí ó rọrùn báyìí tí ó sì jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwàásù. Ìkòkò ni ó wàásù. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí eré apanilẹ́rìn-ín ni!

Ọdún méjì kọjá. Crichton ti di olórí gbogbo wọn. Ó ti fi omi tí ń ṣàn ṣe iná mànàmáná sí ilé wọn. Lady Mary, àkọ́bí Lord Loam, tí kò lè dá bàtà rẹ̀ bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti di ọdẹ tí ń lé ẹran nínú igbó, ìdùnnú rẹ̀ sì ni kí òun ni òun gbé oúnjẹ fún Crichton. Àwọn méjèèjì fẹ́ fẹ́ ara wọn. Ní alẹ́ tí ó sọ èyí fún un gan-an ni ìró ìbọn ọkọ̀ dún láti ojú òkun. Ọkọ̀ náà ti ń lọ. Kò rí wọn. Bí Crichton bá dákẹ́, ọba ni yóò máa jẹ́ níbẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ràn yóò sì jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá tan iná ìpè tí òun fúnra rẹ̀ ti tò sí etíkun, ìránṣẹ́ ni yóò tún dà. Ó tan iná náà. Nígbà tí wọ́n padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn kọ ìwé pé òun ni òun gba gbogbo wọn là. Crichton gbé àwo lọ́wọ́, ó dúró, kò sì tú wọn fó.

Ìtàn nìyẹn, ẹ̀yin ará. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò dákẹ́ ní ìparí rẹ̀.

Àwọn tí ń ya sinimá ti fọwọ́ kan eré yìí kí ọdún 1934 tó dé. Cecil B. DeMille ṣe é ní ọdún 1919, ó sọ ọ́ ní Male and Female, Gloria Swanson àti Thomas Meighan sì wà nínú rẹ̀. DeMille kò mọ ìwọ̀n: ó fi Bábílónì àti kìnnìún gidi kún un, ohun tí Barrie kò rò lójú àlá. Síbẹ̀ ó jẹ́ kí ó yé wa pé ìyàtọ̀ ipò ń dun ènìyàn, ó sì jẹ́ kí ìránṣẹ́ náà padà sí ipò rẹ̀. Àwọn ará England tún ṣe é ní ọdún 1957 pẹ̀lú Kenneth More. N kò ní dúró lórí ìyẹn.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ti ọdún 1934. Ẹ rántí irú ọdún tí ó jẹ́. Láti ìgbà tí ọjà owó ti wó ní New York ní ọdún 1929 ni ìyà ti ń jẹ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1933, nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin, bí ẹnì kan ni kò ríṣẹ́ ṣe. Àwọn ènìyàn ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìgboro láti gba ọbẹ̀ ọ̀fẹ́. Bí àkókò kan bá wà tí ìkòkò Crichton yẹ kí ó hó lójú gbogbo ayé, àkókò náà nìyẹn. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé mọ ohun tí ebi jẹ́. Ó mọ ọlọ́rọ̀ tí kò mọ iṣẹ́ kan ṣe. Ó mọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí a kò sì fún ní iṣẹ́. Kí ni àwọn tí ó ṣe sinimá yìí fún un? Béárì ni wọ́n fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́lá inú sinimá náà kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ebi ni ó mú wọn tẹ̀ lé atukọ̀. Ṣùgbọ́n ebi inú orin ni. Kò pẹ́ ju kí Crosby parí orin kan kí ó sì mú òmíràn lọ. Kò sí ẹni tí ó rù, kò sí ẹni tí ó jí oúnjẹ, kò sí ẹni tí ojú tì ní tòótọ́. Ẹni tí ebi pa rí mọ̀ pé ìtìjú ni ó ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Ibi tí ó bí mi nínú jùlọ ni èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ọ̀rẹ́ mi kò sì kà á sí ohunkóhun. Erékùṣù náà kò ṣófo. Ní apá kejì rẹ̀ ni George Burns àti Gracie Allen wà, tọkọtaya gidi tí ẹ̀fẹ̀ wọn lórí rédíò ti mú olókìkí. Nínú ìtàn, wọ́n wá ṣe ìwádìí nípa ẹ̀dá igbó. Ẹ̀fẹ̀ wọn dára, ibẹ̀ wà lára ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín. Doris rìn rìn, ó bá wọn pàdé. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní aṣọ, wọ́n ní irinṣẹ́. Ǹjẹ́ ó sáré padà lọ sọ fún àwọn tí ó kù pé ìrànlọ́wọ́ wà nítòsí? Rárá o. Ó yá aṣọ, ó yá irinṣẹ́, ó sì dá ọgbọ́n kí irinṣẹ́ náà léfòó wá sí èbúté bí ẹni pé láti ara ọkọ̀ tí ó rì ni ó ti wá. Stephen rí i, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Títí di ìgbà náà, agbára atukọ̀ yìí wà nínú ọwọ́ rẹ̀ àti nínú ohun tí ó mọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọmọbìnrin ọlọ́rọ̀ ni ó ń pèsè fún un ní ìkọ̀kọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pèsè fún un nínú ọkọ̀. Ó rò pé òun ń gba ènìyàn là; eré ọwọ́ ọmọbìnrin náà ni ó ń ṣe. Bí a ti ń sin béárì nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ń sin atukọ̀ ní erékùṣù. Òógùn ojú rẹ̀ di ohun ìwòran. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò sì mọ̀ pé nǹkan burúkú ni wọ́n kọ, nítorí wọ́n kọ ọ́ bí ohun adùn, wọ́n sì fẹ́ kí a fẹ́ràn ọmọbìnrin náà sí i nítorí rẹ̀!

Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí ó ní ohun kan láti pàdánù mọ́. Ìránṣẹ́ Barrie tan iná, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun ìjọba rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Kí ni atukọ̀ Paramount fi sílẹ̀ nígbà tí ìgbàlà dé? Ó bínú pé a tàn án jẹ, ó tọ́ kí ó bínú, ó sì dára pé wọ́n rántí láti jẹ́ kí ó bínú. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé wọn yóò rẹ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni irú sinimá yìí ti í parí, wọ́n sì rẹ́ lóòótọ́. Ìyà náà kò ju ti ẹni tí òjò pa láti ẹnu ọ̀nà dé ìloro.

Ọ̀rẹ́ mi kan, àgbà olùkọ́ tí ó ti ń kọ́ni kí n tó mọ̀wé kọ, gbọ́ gbogbo èyí, ó mi orí, ó ní, "Àbúrò mi, ta ni í gbé àdá lọ sí etí òkun láti lọ wa iṣu? Eré ni a fi í ṣe. Kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n lọ sùn." Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rín. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ń béèrè ẹkún lọ́wọ́ aláwàdà ni, òun ni ì bá jàre. Ṣùgbọ́n n kò béèrè ẹkún. Ní ọdún 1934 yẹn kan náà, ní oṣù kejì, ilé-iṣẹ́ Columbia gbé It Happened One Night jáde, Frank Capra ni ó darí rẹ̀. Òun náà sọ nípa ọmọbìnrin ọlọ́rọ̀ tí a ti bàjẹ́ àti ọkùnrin tí kò lówó; òun náà jẹ́ eré ìfẹ́ tí ń pani lẹ́rìn-ín. Kò sí erékùṣù níbẹ̀: inú bọ́ọ̀sì ni, ní alẹ́, ní ojú ọ̀nà. Nínú bọ́ọ̀sì náà ni obìnrin kan ti dákú nítorí ebi, tí ọmọ rẹ̀ kékeré ń sunkún, tí àwọn méjèèjì sì fi owó ọwọ́ wọn fún ọmọ náà, tí wọ́n fi di ẹni tí kò ní nǹkan. Ẹ̀rín kò dúró nítorí ìyẹn. Ńṣe ni ó rí ilẹ̀ tẹ̀. Aṣọ ìbora tí ọkùnrin náà ta sáàárín ibùsùn méjèèjì, ó pè é ní odi Jẹ́ríkò, kò sì wó títí wọ́n fi di tọkọtaya. Ẹ wo bí a ti fi nǹkan kékeré sọ ọ̀rọ̀ ńlá! Àwọn tí ń fún àwọn òṣèré ní ẹ̀bùn ní Hollywood fún un ní ẹ̀bùn pàtàkì 5, mo sì rò pé wọn kò ṣìṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Carole Lombard ni kò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n jù. Ní ọdún 1936 ó kópa nínú My Man Godfrey pẹ̀lú William Powell. Níbẹ̀, àwọn ọlọ́rọ̀ New York ń fi wíwá ènìyàn aláìníṣẹ́ ṣe eré ìdíje. Wọ́n rí ọ̀kan ní ààtàn lẹ́bàá odò, ọmọbìnrin náà sì gbà á síṣẹ́ ìránṣẹ́ ilé. Ìparí rẹ̀ rọrùn jù fún mi, ṣùgbọ́n ojú tì mí fún àwọn ọlọ́rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó sì ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Obìnrin kan náà ni, ẹwà kan náà, ohùn kan náà. Ẹni tí ó fún un ní ohun tí yóò ṣe ni ó yàtọ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ní 1942, ó kú nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó já, a kò sì mọ ibi tí ì bá bá a dé.

N kò ní bá Crosby jà. Bí a bá ní kí n pa ojú dé kí n máa gbọ́ orin rẹ̀ nìkan, n kò ní ráhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn orin náà tí Mack Gordon àti Harry Revel ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Love Thy Neighbor. Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn ọmọ ṣì ń fi ẹnu fọn ọ́ ní ojú ọ̀nà omi. Òfin ńlá kejì ni wọ́n fi sọ orin lórúkọ. Èmi kì í ṣe ẹni tí í bínú kíákíá nípa irú nǹkan báyìí. A ti fi ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ ṣe ohun tí ó burú ju orin lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ro sinimá náà, mo rí i pé ẹni kan ṣoṣo ni ó mọ̀ pé aládùúgbò wà ní apá kejì erékùṣù, tí ó ní aṣọ, tí ó ní irinṣẹ́, ẹni náà ni ó sì fi í pa mọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òǹkọ̀wé náà mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí ṣe ẹ̀gàn ni, mo ìbá dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Kò mọ̀ ọ́n mọ̀.

Mo fẹ́ sọ ìdí tí n kò fi lè gbọ́ ti ọ̀rẹ́ mi àgbà kí n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín kí wọ́n lọ sùn. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ àròkọ kúkúrú nípa ohun tí wọ́n rí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá: òun ni ó tún ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣe, òun ni ó mọ bí a ti ń di páànù òrùlé tí afẹ́fẹ́ ṣí. Ohun tí ó kọ ni pé òun fẹ́ràn Stephen, nítorí pé bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ ọwọ́ dáadáa tí ó sì lè kọrin, obìnrin ọlọ́rọ̀ yóò rí i, yóò sì mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí ibi tí mo lè fa ìlà pupa sí. Gírámà rẹ̀ gún. Ọmọ náà kò ṣi àwòrán náà kà. Ó kà á bí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní kí ó wo ẹni tí ó mọ iṣẹ́, ó wò ó. Wọ́n ní èrè mímọ iṣẹ́ ni kí a gbà ọ́ kúrò níbẹ̀, ó gbà wọ́n gbọ́.

Bí mo ti ń ronú lórí èyí ni mo gbójú sókè tí mo sì rí àwọn ọmọ mẹ́rin lójú fèrèsé tí wọ́n ń gé koríko nínú oòrùn. Wọ́n pẹ́ dé ìsìn òwúrọ̀, olùkọ́ kan sì ti dá wọn lẹ́jọ́. Olùkọ́ náà ni èmi. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, èwo nínú wa ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ọmọ tí ó gbọ́n ni a ń fi ìwé fún. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ ni a ń fi àdá àti ọkọ́ fún. Nígbà náà ni a ó tún gbé sinimá wá láti Amẹ́ríkà tí yóò sọ fún wọn, pẹ̀lú orin dídùn, pé ohun tí a ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ jẹ́ òtítọ́: iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ibi tí ènìyàn ń dúró títí a ó fi wá mú un kúrò. Mo pe àwọn ọmọ mẹ́rin náà wọlé. Èyí tí ó kéré jùlọ nínú wọn bi mí pé, "Olùkọ́, ṣé ẹ ti dárí jì wá ni, tàbí ìyà mìíràn ni?" N kò mọ èsì tí mo lè fún un.

Nítorí náà, n kò béèrè pé kí a má ṣe fi sinimá han àwọn ọmọ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan ti ń sọ kiri nípa mi. N kò sọ bẹ́ẹ̀. N kò sì sọ pé ohun àtijọ́ kò dára. Eré Barrie ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, Defoe sì ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ohun tí mo sọ ni pé kí a má ṣe máa yin nǹkan nítorí pé ó pẹ́, nítorí pé aṣọ inú rẹ̀ dára, tàbí nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ àlùfààṣá nínú rẹ̀. Iṣu tí kò jiná kò di jíjẹ nítorí pé àna ẹni ni ó sè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi We're Not Dressing han àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó ṣe é, kí ó sì bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà pé ta ni ó fọ ìkòkò ní erékùṣù náà.

Ní ti èmi, mo ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa láti ṣe apá kejì eré Barrie ní sáà tí ń bọ̀, láti orí ìgúnlẹ̀ wọn dé orí ìpadàbọ̀ wọn sí ẹ̀bá iná. Ọmọ tí ó tún ilẹ̀kùn ṣe ni yóò jẹ́ Crichton. A ti ń wá ẹni tí yóò jẹ́ Lord Loam. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ọbẹ̀ gidi ni a ó sè, nítorí mo fẹ́ kí òórùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, a ó sì ṣe é ní wákàtí tí oúnjẹ alẹ́ kò tíì tó. Ìyá alásè ti yá wa ní ìkòkò ńlá rẹ̀ kan, ó sì ti sọ fún mi pé òun kò ní gbà á padà bí a kò bá fọ̀ ọ́.